Ọlọ Kan, Àwọ̀ Méjì

Bí òṣómàáló ṣe ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè,
bẹ́ẹ̀ ni Yèyé Ọmọ́ladùn ń lóṣòó síwájú ọlọ
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjọ̀kà, n'Iléṣà,
tí ó di igi osùn mú bí ẹni di onígbèsè lẹ́wù mú:
"Gbèsè pupa lo jẹ mí. N kò ní dìde."
Omi díẹ̀. Omi díẹ̀ sí i.
Igi a kọ̀, a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Nígbà tó bá yá, pupa a yọ,
díẹ̀díẹ̀, bí owó ahun.

Ọdún tí Míìsì Sárójíní ti Íńdíà dé
láti wá kọ́ wa ní ìṣirò,
yàrá tó kọjú sí kànga ni wọ́n fi háyà fún un.
Ó kó ìwé dé, ó kó ìgò ata dé,
kò kó ọlọ dé.
Láàárọ̀ Sátidé kan ó gbé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ jáde nínú àwo,
ó nawọ́ sí ọlọ, ó rẹ́rìn-ín
bí ẹni tó fẹ́ bá ni gbé ọmọ.
Yèyé wo gbòǹgbò náà, ó fi sí imú.
Ó ní, "Atalẹ̀ tí ibà pọ́njú ń ṣe rèé."
Ṣùgbọ́n ó sún fún un.

Àwọ̀ ìyeyè ló jáde lójú òkúta, ìyeyè tó pọ́n dénú.
Míìsì da ìyẹ̀fun ẹ̀wà sí i, ó da wàrà sí i,
ó fi kun ojú, ó jókòó sóòrùn bí ère,
àwa ọmọdé rọ̀gbà yí i ká,
à ń retí kí ó là.

Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́yìn ilé ìwé,
èyí tí a ń já ewé rẹ̀ sí àgbo ibà.
Lọ́jọ́ tí Míìsì kọ́kọ́ rí i, ó dì mọ́ ọn.
"Fẹ́pù," ló ń wí, "fẹ́pù,"
omijé sì ń bọ́.
Yèyé ní kí a má rẹ́rìn-ín;
ẹni tó bá pàdé ará ilé rẹ̀ ní ọ̀nà oko
kì í mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ ń da omi.

Èmi ni ọ̀rọ̀ wá já lé lórí.
Ìléròrò bò mí lápá méjèèjì ní oṣù ọyẹ́.
Yèyé ní osùn ni, osùn àti òrí.
Míìsì ní ti òun ni, pẹ̀lú ewé fẹ́pù.
Yèyé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Míìsì kò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà,
síbẹ̀ ìjà náà gún régé.
Nígbẹ̀yìn wọ́n pín mi:
apá òsì di ti Yèyé, apá ọ̀tún di ti Míìsì.
Báyìí ni mo ṣe lọ pọnmi,
Adéwándé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè mí ní Ìdajì Odídẹ,
apá kan ń rùn bí igbó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nínú rẹ̀,
apá kejì ń rùn bí ọbẹ̀ ẹlòmíì.

Ìléròrò náà lọ. Apá wo ló kọ́kọ́ jiná?
Títí Yèyé fi kú, ó ní òsì ni.
Nígbà tí náírà já,
tí owó oṣù Míìsì kò tó fi ránṣẹ́ sílé mọ́, ó padà.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ:
kí n bá òun kí Màámà Ọlọ,
kí n sì rán an létí pé ọ̀tún ni.
Èmi tí mo ni apá, n kò rántí.

Ọmọ mi ń ra tirẹ̀ nínú ọ̀rá báyìí.
Ó gé e, ó pò ó, ó pa á, ó tán.
N kò bá a jà. Ara rẹ̀ ń dán.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìjọ̀kà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀,
ọlọ ṣì wà nídìí kànga,
àárín rẹ̀ ti jẹ kòtò, omi dúró sí i.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi èékánná ha ìsàlẹ̀.
Kì í ṣe pupa. Kì í ṣe ìyeyè.
Àwọ̀ epo tuntun ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo wọkọ̀ padà, n kò ṣan án.